Eufrázia Tó Ń Fọ Jẹ́sì Líìgì

Àwọn ọmọ ọ́fíìsì líìgì pè mí, wọ́n ní kí n kọ ìtàn líìgì orílẹ̀-èdè wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé báyìí. Ọgọ́rin ojú ewé ni wọ́n fẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Líìgì tó ti kú lẹ́ẹ̀mẹrin tó sì jí lẹ́ẹ̀mẹrin, kí la fẹ́ fi kún ọgọ́rin ojú ewé? Lọ́dún kan ìjọba yí padà, líìgì kú. Lọ́dún kan wọ́n lu rẹfirí méjì débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọn fèrè mọ́, líìgì kú. Lọ́dún kan wọ́n dáná sun ìlú. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó pa á, a kàn jí lọ́jọ́ Àìkú kan, kò sí eré. Mo ṣáà kọ gbogbo rẹ̀. Èmi Abílio, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń jókòó sẹ́bàá pápá tí mo ń kọ ìwé eré fún wọn: ẹni tó gba ife, ẹni tó jẹ góòlù, ẹni tí wọ́n lé jáde. Ẹni kan ni mi ò kọ, ẹni náà sì mọ líìgì yìí jù mí lọ.

Eufrázia ló ń jẹ́. Ní Bidau, ládùúgbò wa ní Dili, olú-ìlú wa, Tia Eufrázia ni àwọn ọmọdé ń pè é. Èmi a máa pè é ní Mana, torí pé ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rí. Òun ló ń fọ jẹ́sì. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan o. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó ń gbá líìgì nígbà náà, mẹ́fà ló ń kó ẹrẹ̀ wọn wá bá a nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò kó o lọ sódò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí odò gbẹ, yóò gbẹ́ ihò sínú iyanrìn títí omi á fi sun, á wá máa bu omi náà pẹ̀lú igbá ìdajì àgbọn, ìdọ̀bálẹ̀ ni á fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Ọwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó ti hunjọ, kó tó pé ọgbọ̀n ọdún.

Obìnrin yìí ń ka jẹ́sì bí èmi ṣe ń ka ìwé. Bí ẹrẹ̀ bá wà ní èjìká, á ní ẹni yìí ja bọ́ọ̀lù orí. Bó bá wà ní ìdí nìkan, á ní onírọ́ ni, ó jókòó sílẹ̀ kí rẹfirí lè ṣàánú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé mi lọ lórí àga ní apá kejì eré Manu Aman àti Loriku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Oòrùn aago mẹ́ta ní Dili kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo fi jí, wọ́n ti jẹ góòlù kan sí i, mi ò sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ojú tì mí láti béèrè lọ́wọ́ rẹfirí, mo bá gba ọ̀dọ̀ Eufrázia lọ lọ́jọ́ kejì.

"Mana, ta ló jẹ góòlù kejì?"

"Ìwọ tí wọ́n gbé àga kalẹ̀ fún, èmi tí mo wà nídìí ọṣẹ lo wá ń bi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mana."

Ó tú òkìtì jẹ́sì náà wò díẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ. "Mọ́kànlá. Wo ọ̀rùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe fà á ya. Wọn kì í dì mọ́ ẹni tí ò jẹ góòlù lọ́rùn tó báyìí."

Mo kọ mọ́kànlá sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé mọ́kànlá náà ni lóòótọ́. Ó wà nínú ìwé ìtàn tí mo kọ yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé inú ọpọ́n ìfọṣọ ni mo ti rí i.

Ó tún ní àṣà kan. Ẹni tó bá jẹ góòlù, jẹ́sì tiẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọ̀, yóò sì sá a sí ìparí okùn tó kọjú sí òkun, níbi tí atẹ́gùn àti oòrùn ti ń tètè dé. Ó ní òun ò ní ife tí òun lè fún èèyàn, ìyẹn ni ọlá tí òun ní.

Ó bí ọmọkùnrin kan, Anacleto. Anito là ń pè é. Ọmọ gíga, onísùúrù, tí kì í bá ènìyàn jà, tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ, tí bọ́ọ̀lù ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó sórí bẹ́ńṣì Manu Aman. Jẹ́sì rẹ̀ á lọ ní mímọ́, á bọ̀ ní mímọ́, ìyá rẹ̀ á sì tún un fọ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Eufrázia ń sọ fún un pé, "Nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan ni kì í jẹ mí lọ́ṣẹ. Olóore ọmọ."

"Ìyá, màá wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé o ti sọ fún kóòṣì pé wàá wọlé, àbí èmi nìkan lo sọ fún?"

"Màá wọlé."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí o bá wọlé, ṣubú díẹ̀, kí n lè mọ̀ pé o débẹ̀."

Kò wọlé. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin, Mateus bàbá rẹ̀ tó ń ru ẹrù ní èbúté kú, Anito bá wọ dúdú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún kan gbáko la fi ń wọ dúdú lórí òkú. Bí ọdún bá pé, ẹbí á pé jọ, wọ́n á pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á bọ́ dúdú náà kúrò lára ọlọ́fọ̀, ijó á sì bẹ̀rẹ̀. Kore metan là ń pè é. Títí di ọjọ́ náà, ọlọ́fọ̀ kì í jó, kì í sì í ṣeré. Kóòṣì gba jẹ́sì lọ́wọ́ Anito, ó fún ẹlòmíràn, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ni ọmọ náà bá ń wá wo eré nínú ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, ó ń jókòó sẹ́bàá mi, ó ń bá mi ka ìṣẹ́jú.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sun ìlú. Líìgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọjọ́ Àìkú ni àṣekágbá, Manu Aman àti Loriku náà ni. Zelindo, ọmọ Olandina, tí ilé wọn jìnnà sí ti Eufrázia ní ilé mẹ́ta péré, òun ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tó wọlé. Mo kọ ọ́ báyìí: nọ́ńbà mẹ́jọ, Zelindo, ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́rin. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọlọ́bẹ àti oníbọn tó wà lẹ́yìn ìjọba ìgbà náà ti wọ Bidau, iná ti ń jó.

Mi ò fẹ́ sọ nípa ọjọ́ yẹn púpọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹnu mi ò lè mú un dé ibẹ̀. Mo ju ìwé eré mi sínú garawa onídèérí, mo sọ garawa sínú kànga tó ti gbẹ, mo sì gba orí òkè sá lọ. Wọ́n kó àwọn obìnrin sínú lọ́ọ̀rì lọ sí ìwọ̀ oòrùn, lódì kejì ààlà. Nígbà tí a padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé mi ti di eérú, ìwé mi là. Anito kò padà. Zelindo kò padà.

Ìyà tó jẹ àwọn ìyá méjèèjì kò rí bákan náà. Olandina, tó jẹ́ pé òun ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ yí díẹ̀. Lálaalẹ́ ló ń gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀ fún Zelindo, tó bá sì gbọ́ pé wọ́n hú egungun níbikíbi, ì báà jẹ́ lẹ́yìn òkè méje, á fẹsẹ̀ rìn lọ. Eufrázia ní tiẹ̀ padà sídìí ọṣẹ. Nígbà tí àwọn òyìnbó tó wá parí ìjà dé tí líìgì tún jí, òun náà ni wọ́n kó jẹ́sì fún. Ó ń fọ àwọ̀ oríṣiríṣi, òun fúnra rẹ̀ wà nínú dúdú.

Nígbà tí ọdún Mateus pé, Rosito ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá bá a pé kó jẹ́ kí àwọn bọ́ dúdú rẹ̀.

"Èwo lẹ fẹ́ bọ́ níbẹ̀?" Eufrázia ló bi í bẹ́ẹ̀. "Ti Mateus àti ti Anito, aṣọ kan náà ni."

Rosito ní wọ́n lè parí ti Anito náà. Àwọn tí kò rí òkú wọn, wọ́n ń gbé òkúta láti inú odò, wọ́n ń wé e láṣọ, wọ́n ń sin ín, ọkàn wọn sì ń balẹ̀.

"Ẹ lọ sin òkúta yín. Èmi ò bí òkúta."

Ohun tó wà láàrin òun àti ayé láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, kó sin ín lórúkọ rẹ̀, kó bọ́ dúdú. Kò béèrè ohun mìíràn.

Lọ́dún kejìlá, àgbàrá òjò já bèbè odò kan lẹ́yìn Tibar, egungun ènìyàn yọ síta. Ẹyọ kan ni, jẹ́sì pupa Manu Aman sì wà lára rẹ̀. Aṣọ bí ọ̀rá ni jẹ́sì yẹn, ilẹ̀ kì í tètè jẹ ẹ́. Mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì hàn. Àwọn tó ń wá egungun kiri wá sí ọ́fíìsì líìgì, wọ́n ní ta ló ń wọ mẹ́jọ nínú Manu Aman? Mo sáré lọ sílé. Mo tú garawa mi, mo mú ìwé àṣekágbá wá, mo fi ìka lé orúkọ náà níwájú gbogbo wọn. Kí n má parọ́, inú mi dùn, àyà mi sì wú. Mo ní ẹ wò ó, àwọn ènìyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kó ìwé jọ.

Wọ́n gbé egungun fún Olandina. Wọ́n fún un ní jẹ́sì náà pẹ̀lú, ó sì gbé e fún Eufrázia pé kó bá òun fọ̀ ọ́, kí àwọn lè fi sínú pósí. Mo rí Eufrázia lódò lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún jẹ́sì kan. Mo rò pé ó ń ro ti ọmọ tirẹ̀ ni, mo fi í sílẹ̀.

Gbogbo líìgì ló sin Zelindo. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Olandina bọ́ dúdú, ó jó, ó tún ń pa wá lẹ́rìn-ín. Líìgì sọ ife tí wọ́n fi ń ṣí ọdún ní Ife Zelindo, àwọn balógun ẹgbẹ́ gbogbo á sì gbé òdòdó lọ sí ibojì rẹ̀ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Èmi ni mò ń kó wọn lọ. Eufrázia ló sì ń fọ jẹ́sì tí wọ́n ń wọ̀ lọ, fún ọdún mẹ́tàlá.

Ọdún tó kọjá tí mo ń parí ìwé ìtàn, mo lọ bá Eufrázia kó lè bá mi wo àwọn orúkọ. Ó ti dẹ́kun iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ikọ́ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ gùn. Mo ń ka ìwé náà fún un, ó ń tún un ṣe fún mi, ó ní ti ọdún báyìí-báyìí irọ́ ni, rẹfirí ló fún wọn ní góòlù yẹn. Nígbà tí a dé ọdún iná, ó ní, "Kí lo kọ sí ti Zelindo?"

"Mo kọ pé òun ló jẹ góòlù tó kẹ́yìn. Mo kọ pé wọ́n pa á, pé a rí i, pé ó sùn sí ibojì Bidau."

"Pa èyí tó gbẹ̀yìn yẹn rẹ́."

"Èwo, Mana?"

"Zelindo kọ́ ló sùn síbẹ̀. Anito mi ni."

Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ó rí i lójú mi, inú sì bí i.

"Abílio, lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ ta ni jẹ́sì máa ń wà?"

Èmi tí mo máa ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi tí mo mọ ìparí okùn tó kọjú sí òkun. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbá àṣekágbá, ọjọ́ Ajé ni iná bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí jẹ́sì náà ṣe lè wà lára Zelindo. Ó wà lórí okùn.

Ó wá sọ ọ́ fún mi, ó ń wúkọ́, ó ń sọ ọ́. Ó ní wọ́n pariwo láti ìsàlẹ̀ pé àwọn oníbọn ń bọ̀, pé ọmọkùnrin tí wọ́n bá ti bá nínú dúdú, wọ́n á ní ọmọ àwọn ajàjàgbara orí òkè ni, wọ́n ò sì ní béèrè ta ló kú fún un. Anito sì wà nínú dúdú bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ò ní bọ́ ọ, ọdún ò tíì pé, àwọn babańlá àwọn á bínú. Ìyá rẹ̀ fi tipátipá fa ṣẹ́ẹ̀tì náà gba orí rẹ̀ yọ. Ó wá ohun tí yóò wọ̀ fún un. Gbogbo jẹ́sì tó wà lórí okùn ló ń kán omi tótó. Ẹyọ kan ló ti gbẹ, èyí tó kọ́kọ́ fọ̀, tó sá síbi atẹ́gùn.

"Mo ní kò sẹ́ni tí kò mọ nọ́ńbà mẹ́jọ. Mo ní àwọn ọlọ́bẹ náà ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ní tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní ọmọ bọ́ọ̀lù ni, wọ́n á jẹ́ kó kọjá."

"Mana, ẹ̀yin ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé Zelindo ń gbé lẹ́tà lọ fún àwọn tó wà lórí òkè, gbogbo ẹgbẹ́ ò sọ fún ẹni tó ń fọ aṣọ wọn. Orúkọ Zelindo wà lọ́wọ́ àwọn oníbọn. Ní àgọ́ lódì kejì ààlà, obìnrin kan sọ fún mi pé òun wà níbi tí wọ́n ti ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà, pé òun gbọ́ tí wọ́n ń kígbe pé nọ́ńbà mẹ́jọ rèé, òun la ń wá. Ó ní ọmọ náà ń sọ pé òun kọ́. Èmi ni mo bọ́ ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, èmi náà ni mo sì wọ ikú ẹlòmíràn sí i."

Mo bínú sí i. Mo bi í pé báwo ló ṣe jẹ́ kí n máa kó àwọn balógun ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlá. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé egungun dé. Òun ti la ẹnu. Ó wá rí Olandina tó di orí náà mú lórí itan rẹ̀ tó ń kọrin fún un, Olandina tó ti ya wèrè tán, ẹnu òun bá pa dé. Àti pé, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ òótọ́, ojú tì òun. Tí òun bá sọ pé ọmọ òun ni, òun á sọ bí jẹ́sì ṣe dé ara rẹ̀.

"Kí ló wá dé báyìí?"

"Mò ń kú lọ. Mi ò fẹ́ kú nínú aṣọ yìí, Abílio. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ Anacleto sórí òkúta yẹn, kí wọ́n bọ́ ọ lára mi. Sìn mí lọ bá Olandina."

A lọ lọ́jọ́ kẹta. Olandina gbé kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ fún wa, ó ń bú mi pé mo ti gbẹ, pé ìyàwó mi ò mọ oúnjẹ sè. Fọ́tò Zelindo wà lára ògiri, ó gbé ife lérí. Eufrázia kò fọwọ́ kan kọfí. Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀, ti okùn, ti dúdú, ti jẹ́sì tó gbẹ, kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ń wo ilẹ̀. Mo rò pé Olandina á figbe ta, tàbí kó lé wa jáde.

Ó gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Mo mọ̀ pé Zelindo kọ́ ni."

"O mọ̀?"

"Eyín iwájú Zelindo ti ṣẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ aṣọ́lé Loriku ló ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, Maun Abílio, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Orí tí wọ́n gbé fún mi yẹn, eyín rẹ̀ pé."

Òótọ́ ni. Mo kọ ọ́. Ọdún tó ṣáájú iná, eré kẹrin, Zelindo jáde, eyín. Ìwé méjèèjì wà nínú garawa kan náà.

"Kí ló dé tí o fi gbà á?" Eufrázia ló béèrè.

"Wọ́n ní kí n wá mú ọmọ mi, Mana. Ọdún méjìlá ni mo ti ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni. Ẹ jẹ́ kí n búra, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹnìkan ni, mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Mi ò pa Ọjọ́ Àwọn Òkú kan jẹ. Mò ń tan iná fún un, mò ń fa koríko orí rẹ̀."

Ó dìde, ó wọ yàrá. A gbọ́ ìró ìdérí àpótí. Nígbà tó jáde, ó ti wọ dúdú rẹ̀ àtijọ́, òórùn káńfọ̀ ń jáde lára rẹ̀. Ó ti sanra láti ọjọ́ yẹn, bọ́tìnnì àyà kò dé.

"Ẹ máa gbé e lọ," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó máa hú u. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má fi ọkọ́ bà á lórí."

Eufrázia ń wò ó. Mo rò pé ó fẹ́ dìde. "Tí o bá débẹ̀," ó ní, "kí lo máa ń bá a sọ?"

"Ẹni tó gba ife. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fún un, àti ẹni tó jẹ góòlù."

"Á dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù." Ikọ́ mú un, ó wúkọ́ tán. "Bọ́ ọ, àbúrò mi."

"Kí ni, Mana?"

"Aṣọ yẹn. O ò lè tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì, yóò pa ọ́. Èmi ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bọ́ ọ, jẹ́ kí ọmọ náà wà níbi tó wà."

Olandina wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ wíwú mú, ó ń sunkún. Eufrázia kò sunkún. Lójú ọ̀nà ilé ló tó jókòó sí etí gọ́tà, tó fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀. Ó ní òun lọ gba ọmọ òun, òun sì fi í tọrẹ, irú ìyá wo ni òun. Ó mú mi búra pé mi ò ní kọ ọ́ tí Olandina bá wà láàyè, mo sì búra.

Ó kú ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà. Inú dúdú ni wọ́n sin ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mateus, lápá kejì itẹ́ òkú Bidau. Rosito sì ń sọ níbi òkú pé agídí obìnrin yìí pọ̀, tó bá gbà kí àwọn sin òkúta nígbà náà, ì bá ti sinmi. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo ti darúgbó jù. Olandina náà tẹ̀ lé e kí Ọjọ́ Àwọn Òkú tó dé, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá ẹni tí òkúta pè ní Zelindo, bó ṣe fẹ́. Ibi tí Zelindo fúnra rẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ dòní.

Ìbúra mi ti parí. Mo gba ọ́fíìsì líìgì lọ, mo bá Natalino, ọmọ tó ń to ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ṣí ojú ewé ọdún iná, pé orúkọ kan wà tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, Anacleto, Manu Aman. Mo ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi sùúrù gbọ́ mi, ọmọ dáadáa ni, Tiu ló ń pè mí, bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀.

"Tiu, wọ́n ti gbẹ́ orúkọ Zelindo sára ife, ìyẹn ò ṣe é yí. Ṣùgbọ́n mo lè fi tiẹ̀ kún inú ìwé. Ẹ sáà fi ibi tẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí nínú ìwé eré hàn mí. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi orúkọ kankan sí i láìrí i nínú ìwé eré."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá a. Ọdún mẹ́ta tó fi wà lórí bẹ́ńṣì, mo tú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọ pápá nìkan ni mo máa ń kọ. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn fúnra mi, torí pé ìwé wọ́n nígbà náà, mo sì máa ń fi í yangàn pé mi ò fi ìwé ṣòfò. Mo padà lọ bá Natalino.

"Tiu, ṣé ẹ rí i?"

"Mi ò rí i."

"Ṣùgbọ́n ó gbá líìgì? Ẹ̀ẹ̀kan péré?"

Mo ní rárá, kò gbá a rí. Ó ní kí n má bínú, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.